Iná Tí Kì Í Ṣe Ṣíìfù Ẹnikẹ́ni

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i, kì í ṣe ìtàn tí ẹnìkan sọ fún mi níbi tí wọ́n ti ń mu tíì. Àwọn kan wà ní Abidjan níbí tí wọ́n máa ń ròyìn iná Port-Bouët bí ẹni pé àwọn ló gbé garawa. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Òmíràn nínú wọn kò tíì kúrò ní Èjìgbò nígbà náà, òmíràn wà nínú ọgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà. Èmi dúró síbi tí ooru rẹ̀ ti ń ta mí lójú, mo sì lè fi ìka tọ́ka síbi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dúró sí àti ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ìwé mi kò pọ̀, mo gbà. Kíláàsì kẹta ni mo ti sọ fún mùsíọ̀ tó ń kọ́ wa pé ó dàbọ̀. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run fún mi ní orí tí kì í gbàgbé nǹkan, àti pé ọkọ̀ gbákà méjì tí mo ní lónìí, tí wọ́n ń kó èrò láti Abobo lọ sí Adjamé, kì í ṣe ìwé ló rà wọ́n. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kó jókòó sọ́dọ̀ èmi.

Etí òkun là ń gbé, níbi tí iyọ̀ ti máa ń jẹ páànù òrùlé títí yóò fi dà bí àkàrà tó jó. Òkun ló ń jí wa láàárọ̀, kì í ṣe àkùkọ. Bí òkun bá rọlẹ̀ díẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú á kọjá lókè orí wa, á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ikùn gba òrùlé, gbogbo wa á dákẹ́ ọ̀rọ̀ tí à ń sọ, bó bá ti kọjá tán a ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a dé. Àlejò tó bá kọ́kọ́ wọlé wa á rò pé à ń bára wa yodì ni. Ìdílé mẹ́ta ni àwa Yorùbá tó wà nínú ọgbà náà. Àwa nìyí, bàbá mi, ìyá mi àti àwa ọmọ. Ìyá Risi tẹ̀ lé wa, ará Èjìgbò bíi tiwa, opó gíga kan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni Ìyá Ṣakí, tí a ń fi orúkọ ìlú rẹ̀ pè, òun ló kéré jù nínú àwọn obìnrin náà, ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà lọ sí Bobo, ó sì bí ọmọkùnrin kan tí kò tíì rìn, Sìdí. Ẹja ni iṣẹ́ àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n á rà á ní tútù lọ́wọ́ àwọn apẹja, wọ́n á yan án, wọ́n á gbé e lọ sọ́jà. Ààrò ńlá kan ṣoṣo ni onílé gbà kí á ní, èyí tí wọ́n fi àgbá epo tí wọ́n là sí méjì ṣe, ó wà lábẹ́ àtíbàbà onípákó tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò lórí. Oúnjẹ àárọ̀ wa ni àtìẹkẹ́, gbágùúdá tí àwọn ará ibẹ̀ máa ń rin, tí wọ́n á sì fi ooru sè, pẹ̀lú orí ẹja tí kò ṣeé tà. Orí ẹja ni mo jẹ dàgbà. Ẹni tí ọgbọ́n mi bá ń yà lẹ́nu, kó lọ máa jẹ orí ẹja.

Bàbá mi ló gbé ọ̀rọ̀ náà, ṣíìfù, wọ inú ọgbà. Kí ó tó wá sí Abidjan, ó ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ ní Ìkẹjà, níbi tí fèrè ti máa ń dún, tí àwọn kan á kúrò nídìí ẹ̀rọ, tí àwọn mìíràn á bọ́ síbẹ̀. Ṣíìfù ni wọ́n ń pè é: àkókò tìrẹ, tó ní ìbẹ̀rẹ̀, tó ní òpin, tí ohunkóhun tó bá bàjẹ́ nínú rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ. Ní èbúté Abidjan tó ti wá ń ru ẹrù, équipe ni wọ́n ń pè é lédè Faransé, ṣùgbọ́n bàbá mi kò gbà. Ó ní équipe, ènìyàn ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Ṣíìfù, wákàtí ni wọ́n ń kà, wákàtí kì í sì í purọ́. Kò pẹ́ tí gbogbo ọgbà fi ń sọ ọ́. A ní ṣíìfù ẹ̀rọ omi, a ní ṣíìfù balùwẹ̀, a ní ṣíìfù ilẹ̀ gbígbá. Bí ọmọ kan bá sunkún pẹ́, ìyá mi á ní, “Ṣíìfù ẹkún rẹ ti parí, gbé e fún àbúrò rẹ.” Bí àlejò bá jókòó títí oúnjẹ alẹ́ fi jinná, Ìyá Risi á rọra sọ ọ́ sínú afẹ́fẹ́ pé ṣíìfù ẹnìkan mà ti wọ ti ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ onílé tí wọn kò gbọ́ Yorùbá pàápàá máa ń fi jà bí a bá ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n á ní, “C'est mon ṣíìfù, dégage,” pé ṣíìfù tiwọn ni, kí ẹlòmíràn kúrò níbẹ̀. Bàbá Ṣíìfù ni wọ́n ń pe bàbá mi, inú rẹ̀ a sì máa dùn bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè. Lónìí àwọn dírẹ́bà mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní, “Vieux père, tour là ń pè é níbí.” Mo ní kí wọ́n máa pè é ní tour, kí wọ́n ṣáà mọ̀ pé nínú ọkọ̀ tèmi, ẹni tó bá rí èéfín ni yóò pa iná, ìbáà jẹ́ pé àga ẹ̀yìn ló ti ń sùn. Wọn ò mọ ohun tó jẹ́ kí n máa sọ bẹ́ẹ̀. Ọdún tí mò ń sọ yìí ni.

Nígbà ọyẹ́ ọdún náà, iná ta láti inú ààrò wa, ó sì jó ìdajì ọgbà imọ̀ ọ̀pẹ tí onílé fi yí ilé rẹ̀ ká. A pa á. Kò jó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Onílé, bàbá àgbà pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, jáde pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀, ó béèrè ẹni tó ń ṣọ́ iná. Ìyá mi ní ẹja lòun kàn wá yí. Ìyá Risi ní igi kan péré lòun tì wọlé. Ìyá Ṣakí ní kí òun tó dé ni iná ti ń ta. Onílé wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá fi Faransé sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń ka ìwé fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́: “Ẹ gbọ́. Èmi kì í pariwo. Bí iná bá tún jó ohunkóhun nínú ọgbà yìí, bó ṣe ewé kan, ẹ máa kó jáde. Kì í ṣe ẹnì kan. Gbogbo yín.” Ká ní ó pariwo ni, ẹ̀rù ì bá má bà wá. Nítorí níbo la tún fẹ́ rí irú ibẹ̀? Òkun wà nítòsí, èbúté bàbá mi kò jìnnà, àti pé kò sí onílé mìíràn ní Abidjan tí yóò gbọ́ pé ẹja yíyan niṣẹ́ rẹ tí kò ní ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo wa la ń fi imú ṣọ́ ilé. Bí mo bá ń jẹun, mò ń gbóòórùn. Bí mo bá ń sùn, mò ń gbóòórùn. Onílé náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde wá ní ìrọ̀lẹ́, á káwọ́ sẹ́yìn, á rìn yí àtíbàbà ká láìkí ẹnikẹ́ni.

Bàbá mi pe àwọn obìnrin náà jọ. Ó ní, “Iná tí ọwọ́ mẹ́ta ń kó, ọmọ òrukàn ni. Láti òní lọ, iná yìí á ní ìyá.” Ó pín ọjọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta: òwúrọ̀ jẹ́ ti ìyá mi, ọ̀sán jẹ́ ti Ìyá Ṣakí, ìrọ̀lẹ́ jẹ́ ti Ìyá Risi. Ẹni tí ṣíìfù bá kàn á so ìborùn rẹ̀ mọ́ òpó àtíbàbà. Níwọ̀n ìgbà tí ìborùn rẹ bá wà lórí òpó, ìwọ lo ni iná. Ìwọ tó so ó ni yóò tú u, lójú ẹni tó fẹ́ gbà á, ẹni náà á sì so tirẹ̀. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ ti igi sí i, kò gbọdọ̀ yọ igi nínú rẹ̀, kò gbọdọ̀ yí ẹja, kò tilẹ̀ gbọdọ̀ fẹ́ ẹ. Ó dára bẹ́ẹ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ bàbá mi. Iná tutù lójú. Ẹja jinná bó ṣe yẹ. Onílé pàápàá kí wa lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kan, tí Ìyá Ṣakí ń wẹ ọmọ lọ́wọ́, Ìyá Risi rí i pé iná ń ga, ó sì yọ igi kan. Iná wọlẹ̀, ẹja kò gbẹ, ìdin bá a kó tó dé ọjà. Ìyá Ṣakí gbé ẹjọ́ wá.

Bàbá mi béèrè pé, “Ìyá Risi, ìborùn ta ló wà lórí òpó?”

“Tirẹ̀ ni. Mo ṣe é lóore ni.”

“Oore kò ní ṣíìfù.”

Ó ní kí Ìyá Risi, àgbà obìnrin yẹn, má fọwọ́ kan ààrò títí ọjà méjì yóò fi kọjá. Ìyá Risi ká ìborùn rẹ̀, ó fi há abíyá, ó wọlé. Títí ọjà méjì náà fi kọjá, ẹja tútù rẹ̀ ni ó ń tà ní ẹ̀dínwó fún àwọn tó ń yan tiwọn níbòmíràn. Láti ọjọ́ náà, bó bá ń kọjá níwájú ààrò tí kì í ṣe ṣíìfù rẹ̀, ẹ̀yìn ló máa ń káwọ́ sí, bíi ti onílé gan-an.

Ọjọ́ Sátidé kan, lọ́sàn-án, atẹ́gùn ń ti òkun bọ̀ bí ẹni tó ń bínú. Bàbá mi ti ti iṣẹ́ òru dé, ó ń sùn. Ìyá mi ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé. Ìyá Risi jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ń bó gbágùúdá. Ìborùn aláwọ̀ ewé Ìyá Ṣakí wà lórí òpó, ṣawa ló sì kún orí ààrò, ṣawa ọlọ́ràá tí òróró rẹ̀ ń kán sínú iná, ṣìì, ṣìì. Èmi ń to igi sí ẹ̀gbẹ́ kan. Iṣẹ́ mi nìyẹn, kò sì sí ọmọ tó mọ igi í tò tó mi ní gbogbo àdúgbò náà. Sìdí ti ń gbóná láti àárọ̀, orí ẹní ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Mo ń wò ó nígbà tí ojú rẹ̀ yí sókè tí ọwọ́ rẹ̀ sì le. Gìrì ni. Ìyá rẹ̀ gbé e, ó fi omi tútù pa á lórí, ó pọ̀n ọ́n, ọ̀já kò fẹ́ so.

“Ìyá Risi, ẹ bá mi wo iná, ẹ jọ̀ọ́. Mò ń lọ sí ọsibítù.”

“Tú ìborùn rẹ kí o tó lọ.”

Ó ti dé ẹnu géètì. Mo rí i tó dá táksí wóròwórò kan dúró, mo rí i tó wọlé tòun ti ọmọ lẹ́yìn. Ìyá Risi ní, “Múdà, sáré, sọ fún un kó padà wá tú u.” Mo sáré. Àwọn tí wọ́n bá mi dàgbà mọ bí mo ṣe máa ń sáré. Ṣùgbọ́n táksí kì í dúró de ọmọdé. Nígbà tí mo padà, ahọ́n iná ti ń lá àwọ̀n wáyà ìsàlẹ̀.

“Ìyá Risi, iná ń gòkè.”

“Mo ń rí i.”

“Ẹ yọ igi kan.”

“Ìborùn ta ló wà lórí òpó?”

“Ti Ìyá Ṣakí ni, mà.”

“O ríran dáadáa.” Ó ń bá gbágùúdá rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo rí ọ̀bẹ rẹ̀. Ó ti ń bó èèpo tòun ti ẹran ara gbágùúdá, èyí tó ń jù sílẹ̀ ti pọ̀ ju èyí tó ń fi sínú abọ́.

Mo lọ bá ìyá mi. Ó béèrè ohun tí gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ béèrè nínú ọgbà náà: “Ṣíìfù ta ni?” Mo ní ti Ìyá Ṣakí. Ó ní Ìyá Ṣakí ńkọ́. Mo sọ fún un. Ó dé pẹ̀lú ọṣẹ títí dé ìgúnpá, ó dúró ti Ìyá Risi, àwọn méjèèjì ń wo iná náà bí ẹni ń wo ìjà ojú títì.

Ìyá mi ní, “Bí a bá fọwọ́ kàn án, tí ẹja ọmọbìnrin yìí bá tún bàjẹ́ ńkọ́?”

Ìyá Risi ní, “Èmi ti jẹ́jọ́ tèmi. Ó kan ẹ̀yin.”

“Múdà, lọ jí bàbá rẹ.”

Ẹnikẹ́ni kì í jí bàbá mi nínú ṣíìfù oorun rẹ̀. Mo jí i. Ó jáde pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé, ojú rẹ̀ wú. Kí ẹ fetí sí eléyìí, nítorí àwọn tó ń sọ ìtàn náà kì í sọ ọ́: òpó ló kọ́kọ́ wò kó tó wo iná. Ó ní, “Ta ló fi ṣọ́ ọ?” Ìyá Risi ní, “Èmi ló sọ fún. Ṣùgbọ́n kò tú u.” Bàbá mi fọwọ́ pa orí. Òróró ẹja ń kán kíákíá báyìí, bó bá ti kán, iná á fò. Mo bu yanrìn sínú garawa, nítorí mo mọ̀ pé yanrìn ni wọ́n fi ń bo iná olóròóró, ìyá mi sì di ọwọ́ mi mú gírígírí. “Fi sílẹ̀. Bàbá rẹ ń ronú.”

Ohun tí bàbá mi rò ni pé kí òun gba iná náà bó ṣe tọ́. Ó ní, “Kí n kọ́kọ́ tú u.” Ó gun orí àpótí, ó mú ìso ìborùn náà, ó ń tú u. Afẹ́fẹ́ òkun ti rin ín, iyọ̀ ti mú un le, ìso obìnrin sì ni, ó ní ẹ̀yìn ó ní iwájú. Èékánná bàbá mi kò gùn. Ó fi eyín mọ́ ọn. Ọkùnrin tó ń gbé àpò kòkó kọ́ èjìká ní èbúté, ó dúró lórí àpótí, ó ń fi eyín fa aṣọ obìnrin, iná wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Risi ti dìde, ọ̀bẹ rẹ̀ ti bọ́. Ìyá mi ń sọ pé, “Ẹ ṣe kíá, Bàbá Múdà, ẹ ṣe kíá,” ọwọ́ mi sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Ìso náà tú. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ju ìborùn náà sí èjìká, ó ní, “Mo gbà á.” Ìgbà yẹn ni àwọ̀n òkè ya, tí gbogbo ṣawa tó wà lórí rẹ̀ dà sínú iná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mi ò mọ bí n ó ṣe sọ ìró rẹ̀. Kò dún bí iná. Ó dún bí aṣọ ńlá tí ènìyàn fà ya. Imọ̀ ọ̀pẹ òkè gbà á, atẹ́gùn gbé e, ó wà lórí òrùlé wa kí ìyá mi tó fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ da yanrìn. Kí ẹnikẹ́ni má tan yín, èmi ni, kì í ṣe ọmọ onílé tó ń sọ kiri pé òun ni. Òun, omi ló dà, iná olóròóró sì fò mọ́ ọn débi tí irun ojú rẹ̀ fi jó. Bàbá mi wọ inú èéfín lọ gbé àbúrò mi tó ń sùn. Ìyá Risi ń fi ìgbálẹ̀ lu iná lára ògiri, kò tún káwọ́ sẹ́yìn mọ́. Gbogbo wa ló fọwọ́ kàn án báyìí, àti onílé, àti àwọn ará ọ̀nà, àti apẹja méjì tí wọ́n kàn ń kọjá. Kí àwọn panápaná tó dé, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tán. Omi tiwọn kàn sọ eérú di ẹrẹ̀ ni.

Nígbà tó dákẹ́, onílé dúró sáàárín ọgbà, sálúbàtà kan ṣoṣo ló kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìgbà náà ni Ìyá Ṣakí ti ẹnu géètì wọlé, Sìdí ń sùn lẹ́yìn rẹ̀, orí rẹ̀ fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó dúró. Kò sunkún, ó kàn ń wo ibi tí àtíbàbà wà. Gbogbo wa yí ojú sí i. Onílé rí i pé a yí ojú sí i.

Ó béèrè pé, “Ta ló ń ṣọ́ iná?”

Ìyá Risi ti la ẹnu. Bàbá mi ṣíwájú rẹ̀. Ó ní, “Gbogbo wa.”

“Gbogbo yín?”

“Gbogbo wa. Kò sí ẹni tí kò sí níbẹ̀.”

Onílé mi orí. Ó ní, “Ọ̀rọ̀ náà rọrùn nígbà náà.” Ó bọ́ sálúbàtà tó kù, ó fi lé ọwọ́, ó wọlé rẹ̀ lọ láìwọ bàtà.

Ìyá Ṣakí wá kúnlẹ̀ síwájú bàbá mi nínú ẹrẹ̀ náà. Bàbá mi ní, “Dìde. Ọmọ ńkọ́?” Ó ní, “Ó ti mu ọyàn, sà.” Bàbá mi ní, “Ìyẹn náà ló dára.”

Àwọn ènìyàn máa ń fẹ́ kí n sọ pé láti ìgbà náà bàbá mi kò tún pe ṣíìfù mọ́. Ó ń pè é. Ní Abobo tí a kó lọ, nínú yàrá kan ṣoṣo tí òkun kò dún sí, ó pín ibi tí a ó máa sùn ní ṣíìfù, ó pín rédíò àwọn aládùúgbò tí a ń gbọ́ láti ojú fèrèsé ní ṣíìfù. Wákàtí méjì ló fi ń wọ gbákà lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní èbúté, wákàtí méjì ló sì fi ń bọ̀, títí agbára rẹ̀ fi tán. Àwọn kan tó kàwé, tí wọ́n ń gbé Riviera, ti sọ fún mi pé òmùgọ̀ ni òfin rẹ̀. Mo bi wọ́n pé, ilé tiyín, bí omi bá ń dà láti yàrá ẹlòmíràn, ṣé ẹ̀ ń wọlé lọ ti ẹ̀rọ ni, àbí ẹ kọ́kọ́ ń kan ilẹ̀kùn? Bàbá mi kì í ṣe òmùgọ̀. Ó fẹ́ kí ohun gbogbo ní ẹni tó ni ín, ó sì gbàgbé pé iná kò mọ olówó rẹ̀.

Ohun tó lọ nìyí. Àtíbàbà kan, àti ààrò tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọ̀n wáyà mẹ́jọ, pẹ̀lú gbogbo ṣawa orí wọn. Yàrá méjì, tiwa àti ti Ìyá Risi. Bẹ́ẹ̀dì méjì, ẹní mẹ́ta, àpótí aṣọ ìyá mi. Ìdajì ilé ìdáná onílé. Adìẹ mẹ́rin. Ènìyàn kankan kò kú. Ìdílé mẹ́ta là ń gbé inú ọgbà náà. Ìyá Risi gba ọ̀nà Èjìgbò, Ìyá Ṣakí lọ bá ọkọ rẹ̀ ní Bobo, àwa gba Abobo. Kí oṣù tó parí, kò ku ẹyọ kan.